Ó Máa Ń Gbóná

"Má fọwọ́ kàn án o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni!"

Ohùn Dídán, ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀, nìyẹn. Wọ́n ń pè é ní Dídán nítorí pé àkísà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí ọkọ̀ nù, a máa nu bàtà ara rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Ọkọ̀ eré sísá ni, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì péré, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí imú rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Ó ti pẹ́ láyé. Ó ju ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ pupa yòò ni, inú rẹ̀ sì ń run òórùn awọ àga àti epo.

Dẹ̀rẹ́bà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń fi ọmọrí ìkòkò ṣe sítíárì, tí á máa jókòó sórí àga pálọ̀ wakọ̀ kiri ayé. Iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ lọ́dà ni bàbá náà ṣe títí ó fi kú. Ọkọ̀ olówó ló ń kùn. Kẹ̀kẹ́ ológeere lòun ń gùn lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé irú ọkọ̀ pupa yìí wá, nígbà tí iṣẹ́ sì parí, ó ní kí bàbá náà wà á dé ìkóríta kó dá a padà. Dé ìkóríta péré! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn ìrìn àjò yẹn, ẹ ó rò pé gbogbo ayé ló yí po. "Kò rìn o," a máa wí, "fífò ló ń fò." A sì tún fi kún un pé, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a óò ra tiwa."

Àìsàn kò jẹ́ kó rà á. Láti ìgbà tó sì ti lọ, bí Dẹ̀rẹ́bà bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú títì, yóò dúró wò ó títí yóò fi pòórá mọ́ ọn lójú. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń wò. Àárò bàbá rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ gidi ló gbé e wá sọ́dọ̀ Dídán. Màmá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án pé kó máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó àti aláìsàn nínú ilé wọn, iṣẹ́ tó ti ń wá tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ tí yóò máa jáde lójoojúmọ́, òjò ni o, oòrùn ni o. Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tí ọwọ́ màmá náà lè tó. Èkíní ni pupa yìí. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú, ilẹ̀kùn mẹ́rin, tó rí rúbútú bí bàtà nọ́ọ̀sì. Éésì rẹ̀ ń tutù débi pé ẹni tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ á máa wá súwẹ́tà. Dẹ̀rẹ́bà kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò ni Àǹtí Sípánà, mẹkáníìkì àdúgbò wọn, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń bo ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ó ti tan ọkọ̀ pupa náà sílẹ̀ nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń da etí sí i. Nígbà tó yá, ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Kò burú," ó ní. "Bíréèkì ẹ̀ dáa. Jíà ẹ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n sọ fún màmá ẹ pé ó máa ń gbóná."

"Ó máa ń gbóná?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Láàárọ̀, kò sóhun tí á ṣe é. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá mú gan-an, tó wá kó sáàárín ọkọ̀ tí kò lọ tí kò bọ̀, á gbóná. Ibi tó tutù ni wọ́n ti ṣe é, ibi tó tutù ni wọ́n sì ṣe é fún."

"Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni, Àǹtí?"

"Tá a bá tún un ṣe lónìí, á ní ká tún máa bọ̀ lọ́la."

Dẹ̀rẹ́bà tún wo ọkọ̀ pupa náà. "Èwo wá lẹ ní kí Màámi rà?"

"Ta ni? Èmi?" Àǹtí Sípánà bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò kì í bá èèyàn yan ọkọ̀, bí mi ò ṣe kì í bá èèyàn yan ọkọ! Mo bá ẹnì kan yàn án rí, títí dòní kò kí mi. Ìwọ ṣáà sọ ohun tí mo sọ. Ó máa ń gbóná. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ti tó, màmá ẹ kì í ṣe òpè. Fóònù mi ti kú, ọkọ̀ àjàgbé kan sì ń dúró dè mí. Ó yá, máa lọ."

Dídán náà ti ẹ̀gbẹ́ kan dá sí i pé bí òun kò bá gbọ́ ìdáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, òun óò ta ọkọ̀ fún ẹlòmíràn.

Dẹ̀rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílé, ó ń tún iṣẹ́ tí wọ́n rán an pè lẹ́nu. Ó máa ń gbóná. Ó máa ń gbóná. Bó ti ń wí i ni inú rẹ̀ ń bà jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí Màámi bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn, bàtà nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa rà. Ó rí bàbá rẹ̀ lọ́kàn, pẹ̀lú ọ̀dà lábẹ́ èékánná, tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí kò fi lè rí ẹyọ ohun kan gbà nínú gbogbo ohun tó fẹ́? Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì tún iṣẹ́ náà pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣèèṣì sáré pè é. Ó gbóná.

Ó dúró sójú kan. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Orin tó dùn, ó gbóná. Bàtà tó bá àsìkò mu, ó gbóná. Kò sí ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ pé nǹkan gbóná tí yóò rò pé nǹkan náà bà jẹ́.

Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú báàfù omi tútù. Gbogbo ọjọ́ náà ló fi dúró nínú wọ́ọ̀dù, tó tún dúró de ọkọ̀ èrò.

"Dẹ̀rẹ́bà mi, káàbọ̀. Ṣé ọkọ̀ eré ni, àbí ti iṣẹ́ ni ká rà? Èmi ò lọ ṣeré o." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ni Àǹtí Sípánà wí?"

Ọmọbìnrin náà lè sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó ta ìka, ó fi ẹ̀rín sí i.

"Wọ́n ní pupa yẹn gbóná!"

"Gbóná?" Màámi gbé ojú sókè. "Àǹtí Sípánà náà ti ń sọ èdè ọmọdé!"

"Màámi, ó gbóná fẹlifẹli!"

"Kò wá ní wàhálà kankan?"

"Wọ́n ní bíréèkì ẹ̀ dáa, jíà ẹ̀ ń wọlé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ti tó, pé ẹ óò gbọ́ ọ yé."

Màámi ń wo omi tó wà nínú báàfù. "Irú rẹ̀ ni bàbá ẹ fẹ́," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọmọ náà bá òun mú fóònù wá, ó sì pe Dídán pé pupa lòun fẹ́.

Ẹ bá mi wo ayọ̀! Òjò ṣì ń rọ̀ lákòókò yẹn, atẹ́gùn tutù, ọkọ̀ náà sì ń sáré bí ẹni pé kò gbọ́ ọjọ́ ogbó rí. Àwọn aládùúgbò á jáde wò ó. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Màámi ń pè é ní Ọ̀dọ́mọdébìnrin. Bàbá kan wà lára àwọn aláìsàn rẹ̀, Bàbá Káfíńtà, tó ń dá gbé, tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Màámi ló ń fún un lábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án kó tó lè jẹun. Bàbá náà kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọkọ̀ pupa náà láti òkèèrè, á sì ti máa dáhùn káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Dẹ̀rẹ́bà bá màmá rẹ̀ lọ nígbà mélòó kan, ó jókòó níwájú, ó yọ ọwọ́ sójú fèrèsé, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé Bàámi, ẹ wò wá o.

Òjò dá. Ooru dé.

Ní ọ̀sán àkọ́kọ́ tí oòrùn mú gan-an, ọwọ́ kékeré tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná hàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọkọ̀ náà rú èéfín láàárín títì. Màámi dúró, ó bu omi sí rédíétọ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Éésì rẹ̀ kò lágbára kankan; bí wọ́n bá tàn án, ẹ́ńjìnnì á túbọ̀ gbóná ni. Awakọ̀ takisí kan wá kọ́ ọ pé bí ọwọ́ yẹn bá ti ń gòkè, kó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú ọkọ̀, pé á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: oòrùn lókè, àga awọ tó ń jó ìdí nísàlẹ̀, atẹ́gùn iná níwájú! Aṣọ iṣẹ́ Màámi a rin gbindin, gbogbo ọrùn rẹ̀ sú fún ooru, bó bá sì dé ilé, á jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè dìde.

"Pe Àǹtí Sípánà fún mi," ó sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Dẹ̀rẹ́bà jáde síta, ó dúró lẹ́yìn ilé, kò pe ẹnì kankan. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn." Ẹ̀yin náà rí i: ti àkọ́kọ́, ó yọ díẹ̀ nínú òótọ́, ti èyí, irọ́ pọ́ńbélé ni. Láti ọjọ́ náà, ó ń jí ní kùtùkùtù láti rọ omi sí rédíétọ̀, ó ń kó kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni á rí màmá rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà, bí ẹni ń tu ọmọ nínú, ọ̀rọ̀ á sì padà sínú.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu wá dé. Oòrùn mú, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ lójú títì, ọkọ̀ pupa náà bú gbàù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kú. Omi kò ràn án, atẹ́gùn iná kò ràn án. Màámi pe Dẹ̀rẹ́bà pé kó sáré wá ṣọ́ ọkọ̀. Òun gbé àpò abẹ́rẹ́ kọ́ apá, ó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn náà lọ sílé Bàbá Káfíńtà.

Ó pẹ́ kó tó dé. Bàbá náà ti dúró títí, ebi ti ń pa á, kò sì lè jẹun láìgba abẹ́rẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dìde láti lọ tẹ́tí sójú fèrèsé bóyá òun á gbọ́ ohùn ọkọ̀ pupa. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Ilẹ̀ ni Màámi bá a, eegun ìdí rẹ̀ ti dá.

Nígbà tí wọ́n fi gbé bàbá náà dé ilé ìwòsàn, tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún Màámi pé kó padà sínú wọ́ọ̀dù títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn tó ní ọkọ̀ tó ṣeé gbára lé, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Màámi kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ tààrà sọ́dọ̀ Àǹtí Sípánà. Òun àti Dẹ̀rẹ́bà jọ wà nínú ọkọ̀ tó fà á.

Àwọn oníbàárà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Níṣojú gbogbo wọn ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí Sípánà, kí ni mo fi ṣe ọ́? Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi tì mí sínú iná? Arúgbó kan wà ní ilé ìwòsàn báyìí nítorí ọkọ̀ tí ìwọ ní kí n rà!"

"Èmi ní kẹ́ ẹ ra kí ni?" Àǹtí Sípánà ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ọ́ fún yín."

"O sọ ọ́! O ní ó gbóná! Ṣé bí mẹkáníìkì ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ọmọ tó ń yin orin?"

"Ó gbóná kẹ̀? Ó *máa ń* gbóná ni mo wí! Máa ń! Máa ń! Ṣé mo ya wèrè ni, tí màá fi sọ pé ọkọ̀ gbóná?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ fáwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yín nìyẹn? Abájọ! Abájọ tí ẹnì kankan nínú wọn kò fi gbé ọkọ̀ wá bá mi mọ́!"

Màámi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dẹ̀rẹ́bà, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ló sọ?"

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá ní òun kò rántí, yóò tán síbẹ̀. Màámi yóò gba òun gbọ́. Ó wo Àǹtí Sípánà, tó dúró níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ tí omi lé ròrò sí i lójú, obìnrin tí kò sí ẹni tó rí ẹkún rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti rin náà.

"Ó máa ń gbóná ni wọ́n sọ, Màámi. Èmi ni mo yọ ọ́."

"Kí lo yọ?"

"'Máa ń.' Mo yọ 'máa ń' kúrò níbẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ò sì pè wọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kí n pè wọ́n." Ẹkún gbà á lẹ́nu. "Mo fẹ́ ọkọ̀ yẹn nítorí Bàámi."

Màámi kò nà án. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ Àǹtí Sípánà níṣojú àwọn tó ti bú u níṣojú wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Bàbá Káfíńtà lórí ibùsùn, ó ní, "Sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ." Dẹ̀rẹ́bà sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ó ní. "Ìdí mi ṣì ń dùn mí."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ká Dẹ̀rẹ́bà lára ju èébú lọ. Láti ibẹ̀, ó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ màmá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kúnlẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé Àǹtí Sípánà kò purọ́, pé òun ni.

Wọ́n rí ẹni ra ọkọ̀ pupa náà, ayàwòrán kan tó kàn fẹ́ kí àwọn ìyàwó tuntun máa dúró tì í ya fọ́tò. Ọkọ̀ eérú kékeré náà ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n máa ń rí i lójú títì, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì pa, ẹni inú rẹ̀ jókòó nínú òtútù. Wọ́ọ̀dù ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ èrò ló sì ń wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ayàwòrán náà fẹ́ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, Màámi jí Dẹ̀rẹ́bà bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. "Dìde. Jẹ́ ká lọ."

Àǹtí Sípánà ti tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Atẹ́gùn òwúrọ̀ tutù, títì ṣófo. Wọ́n jáde kúrò láàárín ìlú, Màámi ti jíà, ọkọ̀ náà sì fò. Dẹ̀rẹ́bà rí i pé omi ń dà lójú màmá rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ sẹ́bàá etí.

"Mo mọ̀," Màámi wí níkẹyìn. "Àǹtí Sípánà kì í sọ èdè ọmọdé. Ó yẹ kí n lọ bi í fúnra mi lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ohun tó o sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́ mọ́."

"Ṣé ẹ̀ ń ṣàárò Bàámi?"

"Lójoojúmọ́ ayé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ká ní o wọlé lọ́jọ́ náà kó o sọ pé, 'Màámi, ó máa ń gbóná, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ, nítorí Bàámi,' à bá jọ sunkún, à bá sì lọ ra kékeré yẹn. Ẹkún yẹn ni kò yẹ kó o fi pa mọ́ fún mi."

Oòrùn yọ. Ọwọ́ kékeré tó ń fi ooru hàn níwájú Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó, ó dẹ ẹsẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ohun tó burú nínú kí ọkàn ẹni fà sí nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ là á mọ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ, àní bí ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ pé wọn kò ní fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ ní pípé, ẹ má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ kó lè dùn gbọ́. Dẹ̀rẹ́bà ti rò pé díẹ̀ bíńtín lòun yọ. Wọ́n ti dá Bàbá Káfíńtà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pá ló fi ń rìn, kò sì lè dá gbé mọ́.